Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ti Ibodè Omi Nírọ̀lẹ́

Ẹ̀yin alákòóso odò àti ipa omi àfọwọ́gbẹ́ (canal),

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú àmójútó omi, nǹkan tí kì í dúró jẹ́ẹ́ fún ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Gbangba ni mo ti ń kọ ìwé yìí, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ ibi tí ọkọ̀ kékeré lè sùn lóru, kì í ṣe ti ọ́fíìsì kan ṣoṣo. Ó kan gbogbo ẹni tó ń ti ibodè omi, tó ń gé koríko etídò, tó ń ri pátákó mọ́lẹ̀, tó sì ń fọwọ́ sí òfin pé ọkọ̀ yìí lè dúró, tọ̀hún kò gbọdọ̀ dúró. (Fún ẹni tó ń ka ìwé yìí tí kò mọ̀ ọ́n: yàrá olómi ni ibodè omi, ó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn, òun ló ń gbé ọkọ̀ gòkè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀ níbi tí ilẹ̀ bá ti dagun.) Olókọ̀ kékeré ni mí. Mítà 9 ni ọkọ̀ wa gùn, ìdí rẹ̀ sì wọ inú omi tó sẹ̀ǹtímítà 80. Èmi àti ìyàwó mi la jọ ń wà á. A kì í kó ẹrù, a kì í gbé èrò. A kàn fẹ́ràn kí a máa rọra lọ lójú omi, kí a sùn níbi tí ilẹ̀ bá ṣú wa sí, kí a sì gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Níbi tí ilẹ̀ bá ṣú wa sí. Ó rọrùn lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ìrọ̀lẹ́ kan fún yín. N kò ní dárúkọ omi náà, torí n kò wá fi ẹnikẹ́ni sùn.

Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin ọ̀sán lù nígbà tí a jáde nínú ibodè omi kan. (Fún ẹni tó ń ka ìwé yìí tí kò mọ̀ ọ́n: yàrá olómi ni ibodè omi, ó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn, òun ló ń gbé ọkọ̀ gòkè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀ níbi tí ilẹ̀ bá ti dagun.) Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ bá wa di okùn mú, ó kí wa tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní ibodè tó kàn yóò ti tì kí a tó débẹ̀. Kìlómítà 14 ló wà láàárín wọn. Ìyẹn kò dẹ́rù bà wá. Ibi ìsokọ̀ mẹ́ta ni máàpù wa fi hàn lójú ọ̀nà, a sì ti mú èkejì lọ́kàn nítorí igi tó ṣíji bò ó.

Ẹrẹ̀ ti kún èkíní. Ó ku mítà méjì kí a kan bèbè ni ìdí ọkọ̀ ti ń fa ilẹ̀, tí omi dúdú ń ru sókè lẹ́yìn wa. A fi ọ̀pá ti ara wa jáde, a tún ń lọ. Èkejì gùn dáadáa, ó tó ọkọ̀ mẹ́sàn-án, ọkọ̀ mẹ́sàn-án ló sì wà níbẹ̀. Kò sí ènìyàn nínú ọ̀kankan. Ewédò ti hù lára okùn wọn, aláǹtakùn ti ta láàárín okùn àti kùkùté irin tí a ń so ọkọ̀ mọ́, ewé ìgbà òjò tó kọjá ṣì wà lórí tapólì. Nígbà tí a fi máa dé ibi kẹta, oòrùn ti ń wọ̀. A bá pátákó tuntun níbẹ̀ pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gúnlẹ̀.

Kí la fẹ́ ṣe? A kì í lè fi odò sílẹ̀ kí a yà sójú títì mìíràn. Iwájú wa, ibodè ti tì. Ẹ̀yìn wa, ibodè ti tì. A wá bèbè rírọ̀ kan láàárín koríko, a gbá èèkàn méjì mọ́lẹ̀, a so ọkọ̀ mọ́ ọn, a sì sùn pẹ̀lú ojú kan. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ìgò omi yí láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn lọ bá ilẹ̀kùn. Mo dìde, mo rí i pé ilẹ̀ yàrá ti dà sí ọ̀tún. Omi ti fà lóru. Ìdí ọkọ̀ ti jókòó lé ẹrẹ̀, okùn tí mo so le ti ń gbé apá kan ọkọ̀ kọ́ bí ìwọ̀. Mo jáde, mo dẹ okùn náà. Ìyàwó mi kò tilẹ̀ dìde, ó kàn ní, "Ọkọ̀ náà ti dùbúlẹ̀, ìwọ náà wá dùbúlẹ̀." Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà títí wọ́n fi ṣí ibodè láàárọ̀, tí omi tún wá, tó sì gbé wa.

Kò sẹ́ni tó kú. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé kò sí nǹkan àjèjì kan nínú ìtàn náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ti fi ọkọ̀ ara rẹ̀ rìn lórí omi inú ilẹ̀ fún oṣù kan, yóò sọ tirẹ̀ fún yín.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ kò gùn. Ẹ̀yin lẹ ń ti ibodè. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn ọgbà mọ́ àlejò nínú, òun ló yẹ kó fi ibi tí ẹní wà hàn án. Ibi ìsùn alẹ́ kì í ṣe oore tí ẹ ń ṣe fún wa lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Ara ọ̀nà omi gan-an ni, bí ilẹ̀kùn ibodè àti afárá ṣe jẹ́ ara rẹ̀. Gbogbo agbede ibodè méjì tí ẹ bá ń tì lóru yẹ kó ní ibì kan, ó kéré tán, tí ọkọ̀ kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè sùn sí láìbẹ̀rù.

Ẹlòmíràn lè sọ pé kí a tètè gbéra, kí a tètè dé. A ń gbìyànjú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn omi kì í ṣe ìrìn mọ́tò. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ omi àfọwọ́gbẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máìlì 4 ní wákàtí kan ni òfin fàyè gbà, ẹni tó bá sì sá ju bẹ́ẹ̀ lọ ń fi ìgbì wó bèbè. Bí ọ̀pọ̀ olókọ̀ ṣe ń ṣírò rẹ̀ ni pé kí wọ́n ka ibodè kọ̀ọ̀kan bíi máìlì kan, kí wọ́n rò ó pọ̀ mọ́ iye máìlì ìrìn náà, kí wọ́n wá pín gbogbo rẹ̀ sí mẹ́ta fún wákàtí kan. Máìlì 9 àti ibodè 6 di 15; wákàtí márùn-ún nìyẹn, bí kò bá sí ọkọ̀ mìíràn níwájú yín. Bí ọkọ̀ mẹ́rin bá ti tò síbẹ̀, ìṣirò ti fọ́. Ìdí nìyẹn tí olókọ̀ tó gbọ́n kì í fi í dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú kó tó wá ibi tí yóò sùn. Láti nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ni a ti ń wojú bèbè, tí a ń sọ pé, "Èyí dára díẹ̀, ká dúró àbí ká lọ?" Ẹni tó bá lọ máa ń kábàámọ̀. Mo ti kábàámọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

A kò sì lè yí padà nígbà tó bá wù wá. Ọkọ̀ tóóró tó gùn ní mítà 21 wà lórí omi àfọwọ́gbẹ́ tí ìbú rẹ̀ kò tó ìdajì gígùn ọkọ̀ náà. Ibi tí wọ́n gbẹ́ gbòòrò fún yíyí nìkan ló ti lè yí, ibẹ̀ sì lè jìnnà. Ọkọ̀ tí wọ́n fi háyà, ọ̀pọ̀ olówó rẹ̀ kò gbà kí wọ́n wà á lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ẹ wá wo ìdílé kan tó háyà ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, tí kò mọ kókó okùn kankan, tí ilẹ̀ ṣú mọ́ láàárín ibodè méjì. Àwọn gan-an ló ń fi ojora lọ so ọkọ̀ sábẹ́ afárá, tàbí síbi tí omi ti tẹ̀ kọ́rọ́, tàbí sí èbúté ìdúró tó wà lẹ́nu ibodè, níbi tí ẹlòmíràn nílò láti bọ́ sílẹ̀ láàárọ̀.

N kò sọ pé ẹ kò ṣe nǹkan kan. Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an, ìyẹn ni àwọn pátákó inú CEVNI, òfin ìrìn omi inú ilẹ̀ Yúróòpù tí UNECE, ẹ̀ka kan nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ń tẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ti mọ̀ wọ́n ní orílẹ̀-èdè kan ti mọ̀ wọ́n ní púpọ̀. Pátákó búlúù tí lẹ́tà P funfun wà lójú rẹ̀: ọkọ̀ lè dúró síbí. Bí ó bá jẹ́ àwòrán ìdákọ̀ró ló wà lójú búlúù náà, ẹ lè ju ìdákọ̀ró. Bí ó bá jẹ́ kùkùté irin, ẹ lè so okùn mọ́ bèbè. Bí pátákó náà bá jẹ́ funfun, tí etí rẹ̀ pupa, tí ìlà pupa sì dá a lẹ́bùú, èèwọ̀ ni. Nọ́ńbà tó wà lára P ń sọ iye mítà, láti ibi pátákó náà sínú omi, tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ dúró kọjá. Àmì mìíràn ń sọ iye ọkọ̀ tó lè fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Òfin náà tilẹ̀ sọ bí a ṣe níláti jìnnà tó bí a bá fẹ́ dúró nítòsí ọkọ̀ tó gbé kóònù búlúù, ìyẹn àwọn tó kó ẹrù eléwu: mítà 10 sí ẹni tó gbé kóònù kan, 50 sí ẹni tó gbé méjì, 100 sí ẹni tó gbé mẹ́ta. Mo ti rí i tí ọ̀rẹ́ wa kan tú okùn rẹ̀ láìjiyàn nítorí kóònù kan péré.

Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lára wọn, síbẹ̀ wọ́n ń sọ̀rọ̀. Àbùkù kan ni mo rí: P sọ fún mi pé mo lè dúró, kò sọ fún mi pé omi ibẹ̀ tó mi í gbé. Pátákó yẹn ṣì ń tàn yanran níwájú ibi tí ẹrẹ̀ ti kún.

Ọ̀rọ̀ jíjìn omi ni n ó ti pẹ́ díẹ̀, torí òun ló ń dá wa láàmú jù. Omi àfọwọ́gbẹ́ kì í jìn bákan náà láti bèbè kan dé èkejì. Bí abọ́ ló rí: àárín jìn, etí rẹ̀ ga. Ọkọ̀ ẹrù tó ń kọjá ní gbogbo ìgbà ló máa ń gbá ẹrẹ̀ kúrò láàárín, ó sì ń tì í sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí àwa fẹ́ sùn. Ibi tí ọkọ̀ ẹrù kò ti gbà mọ́ ńkọ́? Gbogbo rẹ̀ ń kún. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ omi tó ń fà lóru. Ilẹ̀kùn ibodè tó ti gbó a máa jò. Bí agbede ibodè méjì bá kúrú, omi tó jò láàárín wákàtí mẹ́wàá lè mú kí ojú omi wálẹ̀ débi tí ọkọ̀ yóò jókòó. Ibodè kan náà, bí ọkọ̀ bá lò ó nígbà mélòó kan láàárọ̀, lè fa agbede kúkúrú gbẹ lójijì. Ẹni tó ti pẹ́ lórí omi mọ̀ pé kò yẹ kí òun sùn sí agbede kúkúrú. Àlejò kò mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọn ojú omi lójoojúmọ́ mọ̀ ju gbogbo wa lọ, ìwé yín sì wà nínú àpótí. Kí ló dé tí a kò lè kọ ọ́ sára pátákó pé, "Mítà 1.2 ni omi ibí, ó lè fi sẹ̀ǹtímítà 30 wálẹ̀ lóru"? Ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ì bá ti gbà wá lọ́wọ́ ìgò tó ń yí.

Ti odò tó ń ṣàn yàtọ̀. Níbẹ̀, gígòkè omi ló ń bani lẹ́rù. Òjò lè rọ̀ níbi tó jìnnà sí wa, kí omi rẹ̀ dé bá wa lójú oorun. Ọkọ̀ tí wọ́n so le mọ́ kùkùté yóò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí omi bá ń gbé e. Ọkọ̀ tí wọ́n so dẹ̀ jù lè gun orí bèbè, kí omi fà, kó sì fi í síbẹ̀. Pèpéle tó ń léfòó, tó ń bá omi gòkè tó sì ń bá a wálẹ̀, ló dára jù. Bí kò bá sí agbára rẹ̀, mo ti rí òrùka tí wọ́n fi sára ọ̀pá irin tó dúró ṣánṣán lára ògiri, òrùka náà ń yọ́ gòkè, ó ń yọ́ wálẹ̀ pẹ̀lú omi. Kò sí iná mànàmáná nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ. Ẹni tó ronú kan án, Ọlọ́run bùkún un.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ kùkùté. Ní 1879, nígbà tí Charles de Freycinet jẹ́ mínísítà iṣẹ́ òde ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n ṣe òfin kan tó sọ pé kí àwọn ibodè tó wà lórí ojúlówó ọ̀nà omi ilẹ̀ náà ní ìwọ̀n kan náà: mítà 39 ní gígùn, mítà 5.2 ní ìbú. Ọkọ̀ ẹrù mítà 38.5 ni wọ́n kàn fún un, orúkọ ìwọ̀n náà ṣì ń jẹ́ Freycinet títí dòní. Ohun ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo èbúté àtijọ́ tí wọ́n mọ fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Kùkùté kan wà níbí, èkejì wà lọ́hùn-ún, ó bá gígùn ọkọ̀ ẹrù mu rẹ́gí. Èmi tí mo ní mítà 9, bí mo bá so orí ọkọ̀ mọ́ ọ̀kan, okùn tó gùn jù nínú ọkọ̀ mi ló lè bá mi de èkejì, bí ó bá tilẹ̀ dé e. Ọkọ̀ ẹrù kan kọjá, ìgbì rẹ̀ fà wá síwájú, ó tì wá sẹ́yìn, a ń jó lójú kan bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ okùn gígùn. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n mọ èbúté wọ̀nyẹn fún ti dín kù lórí ọ̀pọ̀ omi kéékèèké, àwa la pọ̀ níbẹ̀ báyìí. Òrùka irin kan láàárín mítà márùn-ún-márùn-ún ti tó. Kò sí ìdí láti wó èbúté, kò sí ìdí láti kọ́ òmíràn.

Bí ẹ kò bá ṣe é, àwọn ènìyàn yóò so ọkọ̀ mọ́ igi. Ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn lè dà. Lẹ́bàá Canal du Midi ní gúúsù Faransé, omi àfọwọ́gbẹ́ tí wọ́n ṣí ní 1681, ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi plane, igi ńlá kan tó máa ń ṣíji, ló tò sí bèbè. Láti 2006 tí wọ́n ti rí àìsàn olú kan lára wọn, gígé ni wọ́n ń gé wọn. Okùn tó ha èèpo igi lè gbé àìsàn náà láti ara igi kan lọ sí òmíràn, torí náà wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe so ọkọ̀ mọ́ igi níbẹ̀. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ gba igi lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fún un ní òrùka.

Ẹ jẹ́ kí n wá bá yín sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ mẹ́sàn-án tí aláǹtakùn ń ṣọ́.

Mo mọ̀ pé ibẹ̀ gbóná. Àwọn kan ń gbé inú ọkọ̀ nítorí pé ilé wọ́n jù fún wọn, n kò sì ní dara pọ̀ mọ́ ẹni tó ń lé wọn kiri. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òfin 1995 tó kan omi àfọwọ́gbẹ́ gbà kí ènìyàn ní ìwé àṣẹ láìní ibùdó kan pàtó, bí ó bá ń rìn lóòótọ́, tí kò sì dúró sójú kan ju ọjọ́ 14 lọ, àyàfi bí ìdí tó yè kooro bá wà. Canal & River Trust, àjọ tó gba iṣẹ́ àbójútó omi wọ̀nyẹn ní 2012, ń ṣàkóso nǹkan bíi máìlì 2,000 ọ̀nà omi lábẹ́ òfin yẹn. Lórí bèbè lásán, ọjọ́ 14 kò burú. Ibi tí wọ́n ṣe fún àlejò ni kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń kọ wákàtí 24 tàbí 48 sára pátákó irú ibi bẹ́ẹ̀. Kíkọ ọ́ kọ́ ló ṣòro. Ta ló ń wá wò ó? Àwọn ọkọ̀ tí mo rí yẹn kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni. Ibi ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ni wọ́n sọ ibi ìsùn àlejò dà, olówó wọn wà nílé tó gbóná.

Ní Friesland ní Netherlands, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Marrekrite, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ààyè ìsokọ̀ ni wọ́n ní káàkiri adágún àti odò ibẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà láàárín koríko, níbi tí kò sí iná, tí kò sí omi ẹ̀rọ, tí kò sí nǹkan kan bí kò ṣe pákó èbúté àti kùkùté. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọkọ̀ lè lò níbì kan, lẹ́yìn náà kó máa lọ. Àwọn olókọ̀ tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́ a máa ra àsíá kékeré kan lọ́dọọdún, wọ́n á ta á sórí ọkọ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ohun tó ṣòro nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí a bá béèrè ibi ìsùn, ohun tí ẹ máa ń gbọ́ ni pé a fẹ́ èbúté ńlá, tó ní ilé ìwẹ̀ àti géètì. Rárá o. Ẹni tó fẹ́ ìyẹn mọ ibi tó wà, yóò sì sanwó rẹ̀. Bèbè tí a gé koríko rẹ̀, tí omi rẹ̀ tó, tí a rí nǹkan so mọ́, tí ẹni tó sùn síbẹ̀ lánàá yóò fi sílẹ̀ fún wa lónìí, ohun tí a ń wá kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ó ní àwa náà kò mọ́. Òótọ́ ni. Mo ti rí ọkọ̀ kan tó dúró sí àárín ààyè ọkọ̀ méjì, olówó rẹ̀ jókòó lórí rẹ̀ ó ń wo àwa tí a ń wá ibi tí a ó wọ̀, kò sún sókè, kò sún sísàlẹ̀. Mo ti rí okùn tí wọ́n dá lẹ́bùú ọ̀nà tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Èyí tó burú jù ni jẹnẹrétọ̀ lóru. Yàtọ̀ sí ariwo, èéfín rẹ̀ ní gáàsì carbon monoxide, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì lè gba fèrèsé ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọlé lọ pa ẹni tó ń sùn. Canal & River Trust ní kí wọ́n má ṣe tan ẹ́ńjìnnì tàbí jẹnẹrétọ̀ láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀ níbi tí ẹlòmíràn bá wà nítòsí. Ẹ mú irú òfin bẹ́ẹ̀ le, a wà lẹ́yìn yín.

Ẹ tún rántí ẹni tó ń dá wa ọkọ̀. Ògiri èbúté tó ga ju orí ènìyàn lọ, tí kò ní àkàsọ̀, kò wúlò fún obìnrin tó ń dá rìn, tí yóò di okùn iwájú àti ti ẹ̀yìn mú nígbà kan náà, tí yóò tún wá ọ̀nà gùn ún. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ya àwòrán ògiri náà kò wọ ọkọ̀ rí.

Ní ti máàpù, ó yà mí lẹ́nu pé àwọn olókọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yín fún yín. Lórí OpenStreetMap, máàpù tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe, àwọn ènìyàn ń fi ọwọ́ ara wọn sàmì sí ibi ìsokọ̀ tí wọ́n bá rí. Mo ń lò ó, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ pé "a lè sùn síbí" lè ní ọkọ̀ tí kò wọ omi ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ, ó sì lè jẹ́ ọdún márùn-ún sẹ́yìn ló débẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ ìgbà tí ẹ gbẹ́ ẹrẹ̀ ibẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ̀yin lẹ mọ ìgbà tí onílẹ̀ gba bèbè rẹ̀ padà. Ọjọ́ tí pátákó onílẹ̀ bá dé ni kí ẹ pa á rẹ́ lórí máàpù yín, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ó jẹ́ pé nírọ̀lẹ́ ni a ó máa fojú ara wa rí i.

Ìgbà tí ojú ọjọ́ bá tún dára, a ó gbéra. Ọ̀pá gígùn kan wà nínú ọkọ̀ wa tí mo fi ọ̀dà funfun sàmì sí ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Gbogbo ibi tí a bá sùn, n ó wọn omi ní iwájú ọkọ̀ àti ní ẹ̀yìn, nígbà tí a bá dé àti nígbà tí a bá jí. N ó kọ ọjọ́ àti aago sí i, n ó kọ bí kùkùté ṣe jìnnà síra, n ó kọ iye ọkọ̀ tí kò ní ènìyàn nínú. N kò béèrè owó. Ẹni tí n ó fi ìwé náà lé lọ́wọ́ nínú ọ́fíìsì yín ni mo ń béèrè, ẹni kan ṣoṣo, tí yóò kà á tí yóò sì dá mi lóhùn. Ibi tí ẹrẹ̀ ti kún yẹn ni n ó ti kọ́kọ́ ki ọ̀pá bọ omi.

Èmi ni tiyín,
Olókọ̀ mítà 9 kan